Ọdẹ Tí Ń Ki Ìbọn Rẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Inú igbó ni ọ̀rọ̀ tí olóòtú ètò gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí ti wá. Ó ní kí n sọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ní ìhà àríwá Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, fi ń ki ìbọn wọn fúnra wọn dípò kí wọ́n máa ra ọta tí ilé-iṣẹ́ ti dì sílẹ̀, kí n sì sọ èrè tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti èrè nìkan ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá má pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú èdè wa tí ó lè gba ọwọ́ tàbí ojú lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣírò èrè yìí, n óò sì dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ayébòdé-Èkìtì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, gẹ́gẹ́ bí ibùdó ọ̀rọ̀ wa. Ìlú àgbẹ̀ ni, bí púpọ̀ nínú àwọn ìlú agbègbè náà ti jẹ́. Apá ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni, bí ènìyàn bá sì ń lọ síwájú sí i, yóò kan ààlà ìpínlẹ̀ Kwara àti Kogi. Ẹni tí ó bá gbin iṣu àti àgbàdo sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti bá ọ̀yà àti òòrẹ̀ du oúnjẹ ara rẹ̀. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń ní ìbọn, tí ọdẹ ibẹ̀ náà sì ń ní oko, tí ó sì ṣòro láti sọ ibi tí iṣẹ́ kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ùbọn ni àwọn Èkìtì máa ń pe ìbọn, nítorí pé ẹ̀ka-èdè wọn fi àyè gba fáwẹ̀lì u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà.

Irú ìbọn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn ni ṣakabùlà. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki í. Ọdẹ yóò da ẹ̀tù sí i, yóò fi àkísà dí i, yóò fi igi gbọọrọ tì í wọlé kí ó le, yóò da ọta lé e, yóò sì tún fi àkísà dí ọta náà kí ó má baà yọ́ jáde bí ó bá dojú ìbọn kọlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó ṣètò ohun tí yóò ṣáná sí i ní ìdí. Kì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún gbogbo iṣẹ́ yìí: a máa ń ki ìbọn. Ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kì tí a ń lò nígbà tí a bá ń ki ènìyàn ní oríkì, àwọn onímọ̀ èdè sì lè jókòó jiyàn bóyá ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n tàbí méjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá rí kò ní bá wọn jókòó pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wá rí i pé ọdẹ oníṣakabùlà kò mọ ohun tí ń jẹ́ ọta àrà-ṣe. Gbogbo ìbọn tí ó ń yìn ní ayé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi kì í. Ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun sọ di eré ọwọ́-dilẹ̀, tí wọ́n ń ra irinṣẹ́ fún, òun ni ọdẹ Ayébòdé ń ṣe láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé ìbọn lé e léjìká.

Àwọn àgbà máa ń wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó bá ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn tí ń pa òwe yìí sábà máa ń rò pé ọdẹ kì í ṣírò ohun tí ó ná. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdẹ lè má ro ìyà, ṣùgbọ́n ó máa ń ro owó, ìṣirò rẹ̀ sì gún régé.

Ẹ wo kátíríìjì tí wọ́n ń lò fún ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Nǹkan márùn-ún ni ó para pọ̀ di ẹyọ kan: èèpo rẹ̀, tí ó jẹ́ páálí tàbí rọ́bà tí wọ́n fi idẹ dè ní ìdí, ohun kékeré tí ń ṣáná ní àárín ìdí náà, ẹ̀tù, ohun tí ó pààlà láàrin ẹ̀tù àti ọta, àti ọta fúnra rẹ̀, tí a fi òjé ṣe. Ẹni tí ó bá rà á ti san owó gbogbo rẹ̀, ó sì tún ti san owó ọkọ̀ ojú omi, owó ibodè, àti èrè ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó ti ọwọ́ wọn kọjá. Kò lè pín in sí méjì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kẹ́tẹ́ ni ó rí, odindi kátíríìjì kan ni yóò ná lé ọ̀kẹ́tẹ́ lórí. Láti oṣù Òkúdù 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti fi owó náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, ni gbogbo ohun tí ó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí fíofío, kátíríìjì kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ti oníṣakabùlà yàtọ̀. Ìwọ̀nba ẹ̀tù tí agbára rẹ̀ ká ni yóò rà, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú àdó tàbí ìwo. Irin wẹ́wẹ́ tí alágbẹ̀dẹ gé fún un lè ṣe ọta rẹ̀. Àkísà kì í wọ́n nílé ẹnikẹ́ni. Ó lè ki ìbọn fún òòrẹ̀ lọ́nà kan, kí ó sì kì í fún ìgalà lọ́nà mìíràn, nítorí pé òun ni ó ń pinnu ohun tí ń wọ inú rẹ̀. Bí ó bá dọ́dẹ títí ilẹ̀ fi mọ́ tí kò rí nǹkan kan, kò ná nǹkan kan. Ìdí mìíràn tún wà tí àwọn tí ń ṣírò láti inú ọ́fíìsì máa ń gbàgbé: nítorí pé kíki ìbọn gba àkókò, ọdẹ kì í yìn ín lásán. Ó mọ̀ pé bí òun bá tàsé, kí òun tó kì í tán, ẹran ti wọ ìlú mìíràn. Yóò dúró, yóò sún mọ́ ọn, yóò wò ó dáadáa. Ìbọn kan, ẹran kan, ni ó ń wá.

Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ó já sí. Ní àwọn ọdún 1870 sí 1880, àwọn tí ń pa ẹfọ̀n ní pápá ńláńlá ilẹ̀ náà máa ń ṣa èèpo ọta tí wọ́n ti yìn, wọ́n a sì tún un kì nínú àgọ́ wọn lálẹ́, nítorí pé idẹ èèpo náà ni ó wọ́n jù nínú ọta, kì í sì í jóná. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ojú ogun ni ọta ń lọ, ti ará ìlú wá ṣọ̀wọ́n. Ní 1943 ni Fred Huntington dá ilé-iṣẹ́ RCBS sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California láti máa ṣe irinṣẹ́ fún àwọn tí ń ki ọta nílé. Ní 1949 ni Joyce Hornady bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí àtẹ àwọn olùtà ọta ṣófo, àwọn tí ó ní irinṣẹ́ yìí nílé ni ara tù díẹ̀. Síbẹ̀, àwọn fúnra wọn máa ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kò sí owó kankan tí àwọn fi pamọ́: iye tí àwọn ń ná tẹ́lẹ̀ náà ni àwọn ṣì ń ná, ìbọn tí àwọn ń yìn ni ó pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn, ojú pátákó ni wọ́n ń yìnbọn sí. Ẹni tí ń yìnbọn sí pátákó kò sí nínú irú ipò tí ẹni tí ń wá ẹran fún ìkòkò wà.

Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tẹ́tí sí ohun tí ó kàn, nítorí pé a sábà máa ń sọ pé àìlajú ni ó jẹ́ kí ọdẹ wa di ìbọn àtijọ́ mú. Àwọn Èkìtì mọ ìbọn tí a ń ti ìdí rẹ̀ ki ọta sí kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1877, Látóòsà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ti Ìbàdàn, rán àwọn ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́ létí òkun láti lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù, àwọn Ẹ̀gbá sì kọlù wọ́n lọ́nà. Ọ̀kan nínú ohun tí ó gbé ogun dìde ní ọdún náà nìyẹn. Wọ́n ti ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn, ẹ̀tù wá di ohun tí ọmọ ogun ń fojú sọ́nà fún bí oúnjẹ. Nígbà tí ogun Èkìtìparapọ̀ gbóná, tí a mọ̀ sí Kírìjì nítorí ìró ìbọn tí ń dún níbẹ̀, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ni wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ìbọn náà ju ṣakabùlà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kò ṣe é ṣe nínú aró alágbẹ̀dẹ. Èkó ni ó ti gbọ́dọ̀ wá. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà Èkó ti sọ ìbọn náà di igi lásán.

Ọdún 1890 ni àwọn orílẹ̀-èdè alágbára pàdé ní Brussels, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lórí òwò ẹrú àti òwò ohun ìjà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n dí ọ̀nà ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa. Wọ́n fi ìbọn olókùúta-ìṣáná, tí inú ọ̀pá rẹ̀ dán, sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù àtijọ́ tí wọ́n ń tà fún àwọn adúláwọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe yan irú ìbọn tí a óò máa lò fún wa. Ọdẹ sì ṣe ohun tí ọlọgbọ́n ń ṣe: ó fi èyí tí wọ́n fún un ṣiṣẹ́, ó kọ́ alágbẹ̀dẹ ní àtúnṣe rẹ̀, ó sì rí i pé ó tọ́jú òun.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ kékeré tí mo ti mẹ́nu bà. Ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀tù.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè ti fi í kọ́ ọmọ ní àmì ohùn rí. Ẹtu ni ẹran ìgbẹ́ tí ó jọ ewúrẹ́. Ẹtù ni ẹyẹ tí àwọn kan ń pè ní awó. Ẹ̀tù ni ohun tí ọdẹ ń dà sínú ìbọn láti fi pa àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tún ni oògùn tí a jó, tí a lọ̀ kúnná, tí ó dúdú. Lójú tèmi, ó jọ pé ibẹ̀ ni ẹ̀tù ìbọn ti gba orúkọ: nígbà tí àwọn baba wa kọ́kọ́ rí i, ó dúdú, ó kúnná, èédú wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pè é ní ohun tí ojú wọn ti mọ̀. Orúkọ náà bá a mu gan-an. Ẹ̀tù àtijọ́ nìyẹn, èyí tí ń rú èéfín púpọ̀, tí a sì ṣe ṣakabùlà fún.

Ní 1884, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Paul Vieille ṣe irú mìíràn tí kì í rú irú èéfín bẹ́ẹ̀. Irú èyí ni ó wà nínú kátíríìjì òde òní. Kì í ṣe èédú ni wọ́n fi ṣe é; ó lè rí bí èèpo wẹ́wẹ́ tàbí bí hóró kéékèèké, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa sún mọ́ eérú. Agbára rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ jìnnà. Nígbà tí ó bá jó ní ibi tí ó há, bí ó ti ń ti ara ọ̀pá ìbọn kò ṣe é fi wé ti ẹ̀tù dúdú. Irin tí a rọ dáadáa ní ilé-iṣẹ́, tí a sì ti dán wò, ni a ṣe é fún. Ọ̀pá ṣakabùlà, ó lè jẹ́ páìpù omi. Ó lè jẹ́ irin tí a yọ lára ọkọ̀ tí ó ti kú. Èédú àti ẹwìrì ni ó kọ́ ọ.

Síbẹ̀, ẹ̀tù ni Yorùbá ń pe àwọn méjèèjì.

Ẹ wá fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan tí kátíríìjì tí ó rẹ bọ́ sí lọ́wọ́, tàbí tí ẹ̀tù rẹ̀ tán ní ọjọ́ tí ọjà jìnnà. Ìṣirò èrè tí mo ti ń yìn láti ìṣáájú ni yóò máa darí rẹ̀: kí a má fi nǹkan ṣòfò. Yóò tú kátíríìjì náà, yóò rí ẹ̀tù nínú rẹ̀, yóò sì wọ̀n ọ́n bí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ láti wọn ẹ̀tù, ní àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀lú ojú. Ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ láìyẹ̀. Orúkọ ni ó tàn án. Ìbọn náà lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó gba ìka, kí ó gba ojú, kí ó sì pa ẹni tí ó dúró tì í. Ìlú yóò sì wí pé ayé ni, tàbí pé Ògún ń bínú. N kò bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ìbọn náà léèrè ohun tí ó jẹ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọdẹ wa àti ará Nebraska kò ju èyí lọ. Ará Nebraska ní òṣùwọ̀n tí ń wọn ohun tí ó fúyẹ́ ju hóró ìrẹsì lọ. Ó ní ìwé tí a kọ ní èdè rẹ̀, tí ó sọ fún un pé irú ẹ̀tù báyìí, ìwọ̀n báyìí, inú ìbọn báyìí, má ṣe kọjá rẹ̀. Orúkọ ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ lára agolo rẹ̀. Ìkìlọ̀ tí ó wà lára páálí kátíríìjì tí ń wọ ilẹ̀ wa, ẹ gbé e wò, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lára rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé kí ọdẹ wa náà máa tún èèpo kátíríìjì kì bí ti Amẹ́ríkà? Ohun tí òfin wí ni mo lè sọ. Òfin Ìbọn ti 1959 pín ohun ìjà sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú, èyí tí ènìyàn lè ní pẹ̀lú ìwé àṣẹ, bí ìbọn ẹlẹ́nu méjì, àti àwọn ìbọn àfẹnu-kì, tí ṣakabùlà wà lára wọn, tí àwọn náà sì ní ìwé àṣẹ tiwọn. Òfin kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ọta ìbọn jáde ní ibòmíràn yàtọ̀ sí ilé ìkóhun-ìjà-sí ti ìjọba. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ eré ìdárayá ní Nebraska lè di ẹ̀sùn ní Ìkọ̀lé. Ẹni tí ń da ẹ̀tù sí ẹnu ṣakabùlà tí ó ní ìwé àṣẹ ń lo ìbọn rẹ̀ bí a ti dá a. Ẹni tí ń tún èèpo kátíríìjì kì ní yàrá rẹ̀ ti kọjá síbòmíràn.

N óò sọ ti ààbò ní ṣókí, nítorí pé ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ jù mí lọ lórí tábìlì yìí. Láti 2020 tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ni a ti ń ké sí àwọn ọdẹ pé kí wọ́n wá bá wa ṣọ́ igbó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, àwọn agbébọn pa ọba aládé méjì ní agbègbè Ìpaò, Òkè-Àkò àti Ìrèlé, ní Ìkọ̀lé yìí kan náà. Ìṣirò ṣakabùlà, ìbọn kan ẹran kan, ìṣirò ọ̀yà àti ìgalà ni. Nígbà tí ọdẹ bá ń fi igi ti àkísà wọ ẹnu ìbọn, ẹni tí ó dojú kọ ọ́ kò dúró dè é. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú igbó náà ti mọ iye ìgbà tí ṣakabùlà lè dún.

Mo padà sí iṣẹ́ tèmi. Mo dábàá pé kí a máa pe ti àtijọ́ ní ẹ̀tù dúdú, kí a sì máa pe ti inú kátíríìjì ní ẹ̀tù aláìléèéfín, kí a sì máa fi orúkọ méjèèjì kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé gírámà àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a hun nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà dé oko. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọdẹ ti ní tiwọn, pàápàá àwọn tí ó ti lo ìbọn méjèèjì rí, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, tiwọn ni kí a gbà. Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi ni pé kí ẹ lọ bá ọdẹ àgbà kan ní ìlú yín, kí ẹ kí i bí a ti ń kí ọdẹ, kí ẹ sì bi í pé kí ni wọ́n ń pe ẹ̀tù tí ó wà nínú kátíríìjì, àti pé ta ni ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un pé kí ó má dà á sí ṣakabùlà. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú náà sí i.